Ìgbín Tó Sin Ìyàwó Délé Ìyá Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ò jáde. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi dìde fùú, ó gbọn aṣọ nù, ó bọ́ sọ́nà. Kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè. Ó lọ bá Àwẹ̀ró, ìyàwó tuntun tí kò mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ó bá Àparò lóko bàbà. Ó bá Ọ̀bọ lórí igi. Ó wá bá Ìgbín lábẹ́ ewé kókò. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó sùn báyìí, kó má wulẹ̀ máa hanrun sí mi lórin.

Ọmọ Ìdí-Àràbà ni Àwẹ̀ró. Òkè-Agbọ́n ni ó lọ́kọ sí. Ọdẹ́tọ́lá lorúkọ ọkọ rẹ̀, ọdẹ ni. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó láti orí dé àyà. Wọn kì í jẹ́ kó rí ọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó tó bá rí ọ̀nà, ọjọ́ tí ọbẹ̀ bá kọ́kọ́ jóná ni yóò sá padà sílé.

Bí wọ́n ṣe bo Àwẹ̀ró náà nìyẹn. Àbúrò ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Obìnrin ilé mìíràn di ọwọ́ òsì mú. "Gbé ẹsẹ̀ sókè." "Tẹ ibí." "Rọra o, ìyàwó." Ó ń sunkún lábẹ́ aṣọ, ó ń rìn. Nígbà tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀, iwájú ilé ọkọ ló bá ara rẹ̀. Kò rí igi kan lọ́nà. Kò rí odò kan.

Kò sì dùn ún. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í bú u. Kí ló fẹ́ fi ọ̀nà ilé ṣe?

Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin kan tó ń kiri ìkòkò yà síwájú ilé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó nu òógùn.

Ó ní, "Ta ni Àwẹ̀ró nínú yín?"

"Èmi rèé o."

"Ìyá rẹ ló rán mi. Ara rẹ̀ ò yá. Kò jẹ, kò mu, ojúde ló ń wò. Ó ní kó o máa bọ̀ kíá. Ó ní òun ò fẹ́ kú láìrí ojú rẹ."

Inú Àwẹ̀ró dà rú. Ó di obìnrin náà láṣọ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi padà lọ, ẹ fọ̀nà hàn mí!"

"Ọmọ mi, ìlú mìíràn ni mò ń lọ. Ẹrù wà lórí mi. Ọ̀nà tí èmi gbà ò sì ṣeé gbà fún ẹni tó ń kánjú, gbogbo ọjà ni mo yà." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́tọ́lá wà nígbó pẹ̀lú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ti lọ sọ́jà òkèèrè. Ìyá ọkọ nìkan ló wà nílé, orúnkún sì ti mú un mọ́lẹ̀.

Ìyá ọkọ ní, "Máa lọ, má dúró de ẹnikẹ́ni. Orúnkún yìí ni kò jẹ́ kí n sìn ọ́. Bọ́kọ rẹ bá dé, èmi ni n ó sọ fún un. Ṣáà máa béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ó di àkàrà sí i létí aṣọ. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sáré jáde.

Abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Kò tíì rìn jìnnà tó fi bá Àparò lẹ́bàá oko bàbà. Àparò ń ṣa bàbà jẹ. Ẹnu rẹ̀ kún, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àparò."

"Ìyàwó, o ò jí ire bí? Ibo lò ń sáré lọ bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀?"

"Ìdí-Àràbà ni. Ìyá mi ń ṣàìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀nà fún mi."

"Ìdí-Àràbà! Ta ni kò mọ Ìdí-Àràbà? Fetí sílẹ̀. Máa lọ tààrà. Bó o bá dé ibi tí mo yé ẹyin sí léṣìí, yà sọ́wọ́ òsì. Máa lọ títí dé ibi tí ejò ti lé ẹ̀gbọ́n mi. Má yà níbẹ̀ o! Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi sá gbà ni kó o yà sí. Ibi tí bàbà bá ti ń dùn jù lẹ́nu, o ti dé nìyẹn."

Àwẹ̀ró ń wò ó. "Ìyá Àparò, èmi ò mọ ibi tẹ́ ẹ yé ẹyin sí."

"O ò mọ̀ ọ́n? Ẹyin tó pọ̀ tó yẹn? Gbogbo oko ló mọ̀ ọ́n!"

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó dúpẹ́. Ó lọ tààrà, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó tún yà. Inú bàbà ló wọ̀. Bàbà ga jù ú lọ. Ó yí, ó yí, bàbà ń gbọ̀n. Olóko ní òkè ọ̀hún rí bàbà tó ń mì, ó ní ẹyẹ ti dé nìyẹn. Ó fi kànnàkànnà rán òkò. Fìì! Òkò fò kọjá létí Àwẹ̀ró.

"Èèyàn ni mí o! Ẹ má sọ ọ́ mọ́! Èèyàn ni mí!"

Ó sáré jáde. Oríta ẹ̀bá oko bàbà, níbi tó ti pàdé Àparò láàárọ̀, ló tún bá ara rẹ̀. Oòrùn sì ti ń mú.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà ní oríta yẹn. Ọ̀bọ jókòó lórí rẹ̀, ó ń mu àgbálùmọ̀, ó ń tu kóró rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Ìdí-Àràbà wà?"

Ọ̀bọ ò tilẹ̀ dìde. Ó na apá, ó na ètè. "Òun nìyẹn. Mò ń rí èéfín ilé yín láti ibí. Ojú ibi tí ìka mi kọ sí ni kó o máa lọ. Má yà, má bojú wẹ̀yìn."

Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó ní òun kò ní yà síbì kankan. Ó kọjú sí ibi tí ìka kọ sí, ó sì ń lọ. Ó kọjá lórí òkìtì ọ̀gán. Ó wọ inú ẹ̀gún, ẹ̀gún fa ìró rẹ̀ ya. Ó gba inú ẹ̀gún jáde, kí ló rí? Odò. Odò ńlá, bèbè rẹ̀ ga bí ilé, omi dúdú nísàlẹ̀. Kò sí afárá. Kò sí ọkọ̀. Níwájú lọ́hùn-ún, ọ̀nà tí ìka Ọ̀bọ kọ sí ṣì ń lọ.

Ó padà pẹ̀lú omijé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bọ, odò ló wà níbẹ̀!"

"Odò wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣé o ò rí igi tó wà létí odò ni? Gun igi yẹn, fò sórí kejì rẹ̀ lódì kejì."

"Èèyàn kì í fò!"

Ọ̀bọ wò ó látòkè délẹ̀. "Háà. Ẹ mà ń jìyà o."

Ẹ má bú wọn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí ojú ìwọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn, o ti fẹ́ ṣépè. Àparò ò parọ́. Ọ̀bọ ò parọ́. Kálukú fi ọ̀nà tòun han ọmọ ọlọ́mọ. Kò sẹ́ni tó béèrè irú ẹsẹ̀ tó ní.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ ní oríta. Ó káwọ́ lérí. "Ìyá mi ń wo ojúde. Ìyá mi ń retí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí lóbìnrin, kò mọ ọ̀nà ilé!" Ó ń sunkún, omijé ń kán sílẹ̀.

Ohùn kan dún lábẹ́ ewé kókò. "Ta ló ń da omi gbígbóná sí mi lórí?"

Ìgbín ni.

Àwẹ̀ró nu ojú. "Ẹ máa bínú, Bàbá Ìgbín. Omijé mi ni. Mò ń wá ọ̀nà Ìdí-Àràbà."

"Mo mọ ọ̀nà Ìdí-Àràbà. Èmi ò lè júwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Èmi ò lè nàka sí i, mi ò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo lè bá ọ lọ."

Àwẹ̀ró pòṣé. Ìyà ló sọ ọ́ di aláìmojú. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin Ìgbín? Kí ẹ tó kọjá igi yìí, wọ́n á ti sin ìyá mi, wọ́n á ti ṣe òkú rẹ̀ tán!"

Ìgbín ò bínú. "Òótọ́ lo sọ. Mi ò lẹ́sẹ̀, ìwọ lo ní in. Gbé mi sí àtẹ́lẹwọ́. Ibi tí ọ̀nà bá ti pín, gbé mi sílẹ̀. Ikùn mi ni n ó fi mọ̀ ọ́n."

"Ikùn kẹ̀?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gungi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni mo wọ́ gbogbo ilẹ̀ yìí já. Kò sí òkúta tí mi ò fi ikùn kàn. Ìwọ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn ọ́ bọ̀, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Aṣọ ni wọ́n fi bò mí lójú."

"Ṣé wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ náà ni?"

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ tó ti ń béèrè, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn.

Ó di ojú. Ó wo inú ọjọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Iyanrìn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Iyanrìn kíkúnná. Lẹ́yìn náà ni omi. Lẹ́yìn náà ni ewé. Lẹ́yìn náà ni òkúta wẹ́wẹ́, ó gún mi lẹ́sẹ̀, àbúrò ìyá mi ní kí n fara dà á, ìyàwó kì í ké."

"Ó tán," Ìgbín wí. "Ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyẹn. A óò gbà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Gbé mi."

Àwẹ̀ró gbé e. Ìgbín bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni mo wà níbí:

Ẹsẹ̀ ìyàwó, sọ fún mi o,
*Jẹ́jẹ́, ọ̀nà ilé ìyá.*
Kí lo tẹ̀ lọ́jọ́ tí ò ń bọ̀?
*Jẹ́jẹ́, ọ̀nà ilé ìyá.*
Ojú lè gbàgbé o, ẹsẹ̀ kì í gbàgbé,
*Jẹ́jẹ́, ọ̀nà ilé ìyá.*

Àwẹ̀ró ń sáré, Ìgbín ń kọrin. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lápá ọ̀tún. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lápá òsì. Àwẹ̀ró gbé Ìgbín sílẹ̀. Ìgbín fi ikùn wọ́ tọ̀tún, ó fi ikùn wọ́ tòsì.

"Tọ̀tún ń yọ̀, odò ló fọ̀ ọ́. Tòsì mú. O ní ó gún ọ?"

"Ó gún mi! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n ké."

"Òsì ni. Gbé mi."

Wọ́n gba òsì. Wọ́n dé abẹ́ igi ńláńlá. Ọ̀nà tún pín. Ewé níbí, ewé lọ́hùn-ún. Àwẹ̀ró gbé Ìgbín sílẹ̀. Ìgbín fi ikùn wọ́ tibí, ó fi ikùn wọ́ tọ̀hún.

"Èyí gbẹ, ó ń dún. Èyí tutù, ó ń rì. Èwo lẹsẹ̀ rẹ mọ̀?"

Àwẹ̀ró ronú. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó ń dún. Ó ń dún wàrà-wàrà. Mo rò pé àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi ni."

"Gbé mi."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Wọ́n dé etí omi. Ìṣàn omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì wọ inú kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ láti gbé Ìgbín sílẹ̀. Nígbà náà ló rí ikùn rẹ̀. Òkúta ti họ ọ́. Igi ti gún un. Ikùn Ìgbín ti bó yánnayànna.

"Bàbá Ìgbín! Ikùn yín! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ìwọ yóò dúró."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi wọ omi náà wò."

"Bó o bá wọ eléyìí tó jìn, ta ni yóò gbé ọ jáde? Gbé mi sílẹ̀. Ìyá ò ṣeé rà lọ́jà."

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti àárọ̀. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbín fi ikùn tó bó kan omi kìíní, ó fi kan ìkejì. Ó gbọ̀n.

"Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìkan tutù rinrin."

"Ó tutù! Ó tutù dé eegun! Mo pariwo lábẹ́ aṣọ!"

"Òun nìyẹn. Gbé mi, ká lọ."

Wọ́n la omi tútù kọjá. Lódì kejì, Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ iyanrìn. Iyanrìn kíkúnná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó rí òrùlé ilé wọn. Ó pariwo, ó sáré, ó gbé Ìgbín kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó wọ yàrá lọ.

Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí ìlẹ̀kùn.

"Ìyá mi!"

"Àwẹ̀ró. Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni. Ẹ wò mí. Ẹ wo ojú mi."

Ìyá fọwọ́ pa á lójú, ó fọwọ́ pa á létí. Ó mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Ojú tí mo ń wá nìyí. Ṣé ẹ̀kọ wà nílé? Ẹ fún mi lẹ́kọ." Ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ pípẹ́! Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó mu ún tán. Ó tún ń wo ọmọ rẹ̀. "Ta ló mú ọ wá? Ọkọ rẹ dà?"

Àwẹ̀ró fò dìde. "Yéè! Bàbá Ìgbín!"

Ó sáré síta, kò bá a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Àlàó, ti ti oko dé. Ó ti rí ìgbín ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àbúrò òun mà mọ̀wà hù, kò bọ̀ lọ́wọ́ òfo! Omi ti ń hó lórí iná. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa dé ìdí ààrò, Àlàó ti gbé Ìgbín sórí òkúta, ó na ọ̀bẹ sókè láti fọ́ ìkarahun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró! Ẹ má pa bàbá mi!"

Ọ̀bẹ dúró lókè. "Bàbá rẹ kẹ̀? Àwẹ̀ró, bàbá wa ti kú tipẹ́. Ṣé ooru oòrùn yìí ò ti ṣe ọ́ báyìí?"

"Òun ló sìn mí wálé! Òun ló jẹ́ kí n bá ìyá láàyè!"

Ó já a gbà. Ó gbé e mọ́ àyà. Ó sọ ohun gbogbo fún wọn, ti Àparò, ti Ọ̀bọ, ti òkúta, ti ewé, ti omi. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Àlàó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìgbín gbalaja.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo?"

Ohùn Ìgbín ti inú ìkarahun wá. "Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ẹni là á wọ̀."

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Ẹni tí wọ́n ní kò lè dìde, ó dìde. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó jáde. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ gbé igbá òrí mi wá."

Òrí tó fi ń para nínú àìsàn ni. Ó kù díẹ̀ nínú igbá. Wọ́n ní kó fi pa ara rẹ̀ lálẹ́. Ó ní rárá. Ó ha gbogbo rẹ̀, ó rọra fi pa ikùn Ìgbín. Ó pa á, ó pa á, títí ọgbẹ́ fi wọlẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Ìgbín. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ẹ fi ikùn bíbó rin ilẹ̀ gbígbóná nítorí ọmọ mi. Ilẹ̀ ò ní gbóná mọ́ yín mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá gbà, yóò tutù. Ibi tẹ́ ẹ bá gbà, yóò máa dán. Òrí yìí ò ní tán lára yín láé."

Gbogbo ilé ní, "Àṣẹ!"

Ìgbín dúpẹ́. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i: ibi tó gbà ń dán yanran.

Ara ìyá le. Ọdẹ́tọ́lá wá pàdé ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu. Àwọn ọmọ ilé yẹn ò fẹnu kan ìgbín mọ́ títí dòní. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bi wọ́n léèrè ọ̀nà, wọn kì í jókòó júwe, wọn kì í nàka. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Báwo lẹsẹ̀ rẹ ṣe rí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dìde, wọ́n á bá a lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìgbín fi ń wọ́ lórí òkúta tí ikùn rẹ̀ kì í bó mọ́. Ìdí nìyẹn tí omi ìgbín fi jẹ́ omi ẹ̀rọ̀. Ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìlà tó ń dán lára ògiri láàárọ̀. Ẹ má pè é ní ìdọ̀tí, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Òrí ìyá kan ni, tó fi ìwọ̀nba tó kù ú kù dúpẹ́.

Àlọ́ mi ti délé, ó ti fọ ẹsẹ̀. Bó bá ṣe pé irọ́ ni mo pa, kí ẹnu mi lẹ̀ mọ́ra bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́gi. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń là pátá? Ẹ kú ìjókòó.